Ìwé àṣẹ tàbí ìmójúkúrò? Ohun tí ìtàn tẹlifíṣàn aládàáni ní Douala ń kọ́ wa

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 2008, ìjọba orílẹ̀-èdè Kamẹrúùn pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Équinoxe, tó fi ìlú Douala ṣe ibùjókòó, dẹ́kun iṣẹ́. Ìdí tí Jean-Pierre Biyiti bi Essam, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, gbé kalẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ náà kò san owó ìwé àṣẹ, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 100 owó CFA.

Bí a bá fi ojú òfin nìkan wò ó, ọ̀rọ̀ gbèsè lásán ni. Ṣùgbọ́n Équinoxe kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ń fara pamọ́ ṣiṣẹ́. Ìròyìn rẹ̀ ń wọ inú ilé àwọn ará Douala, láti àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀ bíi Bonapriso títí dé àwọn àdúgbò tí èrò há sí bíi New Bell. Ìjọba mọ̀ pé ó wà, ó sì ti mójú kúrò lára rẹ̀.

Ìbéèrè tó dìde nígbà náà, tí kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní, ni èyí: kí ló dé tí gbèsè tí wọ́n ti mójú kúrò lára rẹ̀ fi di ohun tí ìjọba kò lè fara mọ́ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an?

Ìdáhùn rẹ̀ kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kéékèèké káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, títí kan èyí tó wà ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò.

Ìlú òwò, ìlú ìròyìn

Yaoundé ni olú-ìlú Kamẹrúùn. Ibẹ̀ ni ààrẹ, àwọn mínísítà àti ilé aṣòfin wà. Ṣùgbọ́n Douala ni èbúté ńlá wà, ibẹ̀ ni owó orílẹ̀-èdè náà ti ń yí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ báńkì àti iléeṣẹ́ fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò níbẹ̀ kò sì kéré níye.

Bonapriso jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, kò sì jìnnà sí Bonanjo, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti báńkì pọ̀ sí. Nínú èdè Duala, "Bona" ń tọ́ka sí ìdílé tàbí ìran ẹnì kan, bí àwa náà ṣe máa ń fi orúkọ baba ńlá pe agbo ilé. Ìdí nìyí tí orúkọ ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ bákan náà: Bonapriso, Bonanjo, Bonabéri, Bonamoussadi. Lónìí, Bonapriso jẹ́ àdúgbò àwọn tó rí jájẹ àti àwọn àjèjì tó wá ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì yìí hàn nínú ìtàn tẹlifíṣàn. Yaoundé ni tẹlifíṣàn ìjọba ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí òfin wá gba àwọn aládàáni láàyè, Douala ni mẹ́ta lára àwọn tí orúkọ wọn tàn jù ti jáde: Canal 2 International, STV àti Équinoxe.

Ọdún mẹ́wàá láàárín òfin àti ìlànà

Ọdún 1985 ni tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùn, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà, ti ìjọba. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1987, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ rédíò ìjọba, wọ́n sì sọ ọ́ di CRTV. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí CRTV bá gbé jáde nìkan ni ará ìlú lè wò, àyàfi ẹni tó bá ní agbára láti gba ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ọdún 1990, nígbà tí afẹ́fẹ́ òṣèlú ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ ń fẹ́ káàkiri Áfíríkà, Kamẹrúùn ṣe òfin òmìnira ìbánisọ̀rọ̀. Òfin náà sọ pé àwọn aládàáni náà lè dá rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀. Àmọ́ ó di ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2000, kí ìjọba tó gbé ìlànà jáde tó sọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gba àṣẹ náà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà lò ó.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀ròyìn Douala kò jáfara. Emmanuel Chatue, tó wà nídìí òwò tẹlifíṣàn onítẹ́ẹ́rẹ́ wáyà, dá Canal 2 International sílẹ̀. Mactar Silla, ọmọ orílẹ̀-èdè Senegal tó ti ṣe ọ̀gá tẹlifíṣàn ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ló wà lẹ́yìn STV. Séverin Tchounkeu, tó ni ìwé ìròyìn La Nouvelle Expression, ló dá Équinoxe sílẹ̀.

Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti wá hàn nínú ohun tó gbé jáde. Canal 2 di ẹni tí a mọ̀ mọ́ orin àti eré ìdárayá ọkàn, ó sì ń ṣe ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ fún àwọn olórin àti òṣèré. Équinoxe jogún ìṣe ìwé ìròyìn: ìbéèrè, àríyànjiyàn, àti ètò ọjọ́ Àìkú tó ń jẹ́ "Droit de réponse", níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba àti àwọn alátakò ti ń kojú ara wọn lójú gbogbo ayé.

Kí ni ìmójúkúrò túmọ̀ sí?

Lábẹ́ ìlànà ọdún 2000, ẹni tó bá fẹ́ dá tẹlifíṣàn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ìwé jọ, kó san owó ńlá, kó sì dúró de ìpinnu mínísítà. Ọ̀pọ̀ ló kó ìwé sílẹ̀ tí wọn kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò rí owó náà san. Síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjọba sì ń wò wọ́n níran.

Ipò yìí ni àwọn aláṣẹ Kamẹrúùn ń pè ní ìmójúkúrò. Kì í ṣe àṣẹ, kì í sì í ṣe ìfòfindè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba mọ̀ pé o kò ní ìwé, ṣùgbọ́n ó gbà kí o máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá yí padà.

Ó di ọdún 2007 kí ìjọba tó fún àwọn aládàáni díẹ̀ ní ìwé àṣẹ àkọ́kọ́. Canal 2 International àti STV wà lára wọn. Ìyẹn ni pé ọdún méje kọjá lẹ́yìn tí ìlànà jáde kí ẹnikẹ́ni tó di ẹni tí òfin mọ̀. Équinoxe kò sí nínú àwọn tó rí i gbà.

Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìmójúkúrò dà bí ayálégbé tí kò ní ìwé àdéhùn. Ó lè gbé ilé náà fún ogún ọdún, kó tún òrùlé ṣe, kó kun ògiri lọ́dà. Ọjọ́ tí onílé bá bínú sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà ló bí òun nínú. Yóò kàn béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Oṣù Kejì, ọdún 2008

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọ̀rọ̀ tó gba orílẹ̀-èdè náà kan ni àtúnṣe ìwé òfin. Ààrẹ Paul Biya, tó ti wà lórí àlééfà láti oṣù Kọkànlá, ọdún 1982, fẹ́ kí wọ́n mú òpin tó wà fún iye sáà ààrẹ kúrò. Àwọn alátakò ní àwọn kò gbà. Équinoxe ń gbé ohùn àwọn tó ta kò ó jáde, ó sì ń fi ìfẹ̀hónúhàn wọn hàn.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, wọ́n tì í pa. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn náà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Douala. Ní ọjọ́ 25, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí owó epo tó gbówó lórí, ìbínú náà sì ràn dé àwọn ìlú mìíràn. Ìjọba sọ pé èèyàn 40 ló kú. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn sọ pé wọ́n lé ní 100. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti rédíò Équinoxe àti rédíò Magic FM ní Yaoundé pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ilé aṣòfin fọwọ́ sí àtúnṣe náà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gba Équinoxe láàyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká to àwọn ọjọ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti tẹlifíṣàn pa. Ìlú gbóná, tẹlifíṣàn náà kò sí láti fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn. Wọ́n tún òfin ṣe, tẹlifíṣàn wá padà. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó ní láti dájọ́ pé ìròyìn tí Équinoxe gbé jáde jẹ́ irọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fi ẹ̀sùn irọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni wọ́n fi tì í, ó sì tó.

Ta ló ń sanwó tẹlifíṣàn?

Ẹnì kan lè sọ pé: kí ló dé tí iléeṣẹ́ náà kò kúkú san gbèsè rẹ̀? Ìdáhùn wà nínú bí ọjà náà ṣe rí.

Ìpolówó ni tẹlifíṣàn aládàáni fi ń jẹun. Ní Douala, àwọn tó ń polówó ọjà lọ́nà tó nípọn kò pọ̀: iléeṣẹ́ tẹlifóònù, iléeṣẹ́ ọtí, báńkì, àti àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti òkèèrè. Iye àwọn tẹlifíṣàn tó ń du owó wọn sì ń pọ̀ sí i. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ilé ló ń wo tẹlifíṣàn nípasẹ̀ àwọn tó ń fa wáyà láti òpó dé òpó ní àdúgbò. Owó tí onílé ń san lóṣooṣù, ọwọ́ ẹni tó fa wáyà ló ń bọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣe ètò tí wọ́n ń wò.

Ẹ wá fi èyí wé CRTV. Láti òpin ọdún 1989 ni òfin ti wà pé kí wọ́n máa yọ owó tẹlifíṣàn ìjọba lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Akọ̀wé báńkì kan tó ń gbé Bonapriso lè má wo CRTV láti oṣù dé oṣù, kó jẹ́ pé Équinoxe ló máa ń tàn ní alaalẹ́. Síbẹ̀, CRTV ni owó rẹ̀ ń lọ bá, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Nítorí náà, àwọn méjèèjì kò jọ wà lórí ìdíje kan náà. Ọ̀kan ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò wò ó. Èkejì kò rí owó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó, wọ́n sì tún ní kó mú mílíọ̀nù 100 wá kó tó lè sọ̀rọ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó ìforúkọsílẹ̀ mọ́ fún iléeṣẹ́ kékeré. Ó di gbèsè tí gbogbo ènìyàn ń jẹ, tí ìjọba sì lè yan ọjọ́ tí yóò bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ara akọ̀ròyìn

Ìwé àṣẹ nìkan kọ́ ni ewu tó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Láti ìparí ọdún 2016 tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn agbègbè tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìròyìn di ohun tí èèyàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, wọ́n fi Mimi Mefo, akọ̀ròyìn Équinoxe, sí àtìmọ́lé ní Douala. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án dá lórí ìròyìn nípa ikú Charles Wesco, ajíhìnrere ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa lẹ́bàá Bamenda. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ariwo ti ta nílé àti lókè òkun, wọ́n tú u sílẹ̀.

Samuel Ajiekah Abuwe, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Samuel Wazizi, kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kékeré kan ní Buea, CMTV, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi èdè Píjìn ṣe ètò. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019. Fún oṣù mẹ́wàá, àwọn ẹbí àti agbẹjọ́rò rẹ̀ kò mọ ibi tó wà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 2020, Équinoxe gbé ìròyìn jáde pé ó ti kú sí àtìmọ́lé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ológun jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni, pé láti ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, ló ti kú. Wọ́n ní àìsàn ló pa á.

Èyí ni ohun tí tẹlifíṣàn aládàáni lè ṣe. Oṣù mẹ́wàá ni ìjọba fi dákẹ́. Tẹlifíṣàn kan ní Douala sọ̀rọ̀, ìjọba sì sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ wa

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Kamẹrúùn nìkan ni. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ àwọn iléeṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tó tó bílíọ̀nù 2.66 náírà. AIT àti Silverbird wà lára wọn, àwọn tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ariwo ta, àjọ náà dá àṣẹ ìtìpa náà dúró, ẹgbẹ́ SERAP àti àwọn olóòtú ìròyìn sì gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, àjọ HAAC ti Sikka TV pa ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2016. Sébastien Ajavon, oníṣòwò tó ṣe ipò kẹta nínú ìdìbò ààrẹ ọdún náà, ni tẹlifíṣàn náà ń jẹ́ tirẹ̀. Ní Tógò, ní oṣù Kejì, ọdún 2017, àjọ tó ń jẹ́ HAAC níbẹ̀ náà gba ìkànnì tẹlifíṣàn LCF àti rédíò City FM, wọ́n ní ìwé àṣẹ wọn kò bá òfin mu.

Nínú gbogbo èyí, ìwé ni wọ́n tọ́ka sí. Ó sì yẹ kí àwa Yorùbá rántí ìdí tí tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, WNTV, fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Ìtàn sọ pé nígbà tí Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lu Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1953, wọn kò fún Awólọ́wọ̀ láàyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wá pinnu láti ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti fèsì ló bí i.

Ẹjọ́ ìjọba náà ní ẹsẹ̀

Kò tọ́ kí á sọ pé ìjọba kò ní ìdí kankan láti béèrè ìwé àṣẹ. Ojú òfurufú tí ìgbì tẹlifíṣàn ń gbà kò pọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pín in kí ohùn má baà kọlu ohùn. Tẹlifíṣàn lè tan ọ̀rọ̀ ìkórìíra kálẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Rwanda ní ọdún 1994 nípasẹ̀ rédíò RTLM kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni ní Áfíríkà. Àwọn aládàáni kan pàápàá kì í san owó òṣìṣẹ́ wọn déédéé. Àkóso gbọ́dọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ìmójúkúrò kì í ṣe àkóso. Àkóso ni pé kí gbogbo ènìyàn mọ òfin, kí wọ́n mọ ìyà tó wà fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ wọn lọ. Lábẹ́ ìmójúkúrò, tẹlifíṣàn tó ń tan ìkórìíra àti èyí tó ń sọ òtítọ́ jọ wà ní ipò kan náà. Èyí tí wọ́n yóò tì pa kò dá lórí ohun tó ṣe, bí kò ṣe ẹni tó mú bínú.

Níbo la ń lọ?

Ìdìbò ààrẹ tó wáyé ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, tún mú ọ̀rọ̀ yìí padà wá. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé òfin kéde pé Biya, tó jẹ́ ẹni ọdún 92, ló wọlé pẹ̀lú ìdá 53.66 nínú ọgọ́rùn-ún. Issa Tchiroma Bakary, tó ṣe ipò kejì, ní òun lòun wọlé. Ìfẹ̀hónúhàn wáyé, gómìnà agbègbè náà sì sọ pé èèyàn mẹ́rin kú ní Douala.

Ẹ rántí ẹni tí Tchiroma jẹ́. Òun ni mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ láti ọdún 2009 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìwé àṣẹ wà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ní àǹfààní láti sọ ìmójúkúrò di ẹ̀tọ́. Nígbà tó di alátakò, òun náà nílò tẹlifíṣàn tí ẹnikẹ́ni kò lè pa lẹ́nu mọ́.

Ohun tí ó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kò ṣòro láti kà sílẹ̀. Kí owó ìwé àṣẹ bá agbára iléeṣẹ́ mu, kó sì ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Kí òfin fi ọjọ́ sí ìgbà tí mínísítà gbọ́dọ̀ dáhùn, kó sì jẹ́ pé bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí èsì, àṣẹ ti wà nìyẹn. Kí apá kan owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí òṣìṣẹ́ náà ń wò. Kí ó sì jẹ́ adájọ́, kì í ṣe mínísítà, ni yóò lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa tẹlifíṣàn.

Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Bonapriso, tó tan ìròyìn alẹ́, yóò máa rí ohun tí ìjọba ṣì fẹ́ mójú kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ìlú bá gbóná, tí ó sì nílò ìròyìn náà jù, ni ọjọ́ tí ó ṣeé ṣe jù lọ pé kí àwòrán má jáde.